Ohun Tó Ṣẹ́kù Nínú Ìgò

Gáàsì méjì ló wà nínú ẹ̀rọ gíláàsì náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1962, ní Yunifásítì British Columbia, nílùú Vancouver lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ọ̀kan pupa fòò, èkejì kò láwọ̀ rárá. Gíláàsì fẹ́lẹ́ kan ló pààlà sáàárín wọn. Èyí tó pupa ni platinum hexafluoride, PtF6, átọ́ọ̀mù platinum kan tí átọ́ọ̀mù fluorine mẹ́fà rọ̀gbà yí ká. Èyí tí kò láwọ̀ ni xenon, tí ìwé kẹ́mísírì ìgbà náà ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé kì í bá ohunkóhun ṣe pọ̀. Neil Bartlett, ọmọ bíbí Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, ló dá wà níbẹ̀. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méje lù, ó fọ́ gíláàsì tó pààlà náà. Lójú ẹsẹ̀, àwọ̀ pupa pòórá, ohun líle kan tó pọ́n bí ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bartlett sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè rí ẹni tó máa fi hàn, àmọ́ gbogbo wọn ti lọ jẹun alẹ́.

Ibi àwọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń dé tí wọ́n á fi dúró, torí pé ó wu ojú. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tó yí padà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ni ohun tó wà nínú ìgò. Ohun tó wù mí láti yìn ni iṣẹ́ tó wà nídìí ìkéde tí Bartlett tẹ̀ jáde nínú Proceedings of the Chemical Society lóṣù Kẹfà ọdún náà. Ìkéde ọ̀hún kò kún ojú ìwé kan, síbẹ̀ ó dárúkọ fọ́múlà láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: XePtF6, xenon kan sí platinum hexafluoride kan. Ibo ló ti rí "kan sí kan" yẹn? Kò gbé ohun líle náà sórí òṣùwọ̀n kó tó mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀nba fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì máa ń bà á jẹ́ kíákíá. Ohun tó wọ̀n ni gáàsì: iye tó wọlé, àti iye tó ṣẹ́kù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló di fọ́múlà.

Gáàsì tó wà nínú ìgò kì í sinmi. Mólékù rẹ̀ ń sáré kiri, ó ń lu ara ìgò láìdúró, àpapọ̀ lílù yẹn la ń pè ní ìfúnpá. Bí ìgò kò bá tóbi sí i, tí ooru rẹ̀ kò sì yí padà, iye mólékù nìkan ló lè mú kí ìfúnpá lọ sókè tàbí kó wálẹ̀. Fọgánáísà tó gbé géèjì lé ẹnu táyà kò rí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó kà sọ fún un bóyá afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tó tàbí kò tó. Onímọ̀ kẹ́mísírì mú ọgbọ́n yẹn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Avogadro ti sọ ní ọdún 1811 pé bí àyè bá dọ́gba, tí ooru àti ìfúnpá sì dọ́gba, iye mólékù inú gáàsì yòówù máa dọ́gba. Xenon wúwo, háídrójìn fúyẹ́, ìyẹn kò kan géèjì. Orí ni géèjì ń kà.

Ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1801, John Dalton ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ wa yìí. Olùkọ́ ni ní Manchester, ojú ọjọ́ sì jẹ ẹ́ lógún débi pé láti ọdún 1787 títí ó fi kú lọ́dún 1844 ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè nípa omi tó ń lọ sínú afẹ́fẹ́ ló gbé e dé ibi tó ti rí i pé bí gáàsì méjì bá wà nínú ìgò kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lu ara ìgò bíi pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá lù ni ìpín ìfúnpá tirẹ̀, tí a bá sì ro gbogbo ìpín náà pọ̀, a máa rí ohun tí géèjì ń kà. Nítorí náà, bí mo bá mọ̀ pé gáàsì A wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìpín tó tó báyìí, mo lè yọ ọ́ kúrò nínú àpapọ̀, èyí tó kù sì di ti B.

Ó ká mi lára pé Dalton fúnra rẹ̀ kọ̀ láti tẹ̀ lé ibi tí irú ìṣirò yìí ń lọ. Nígbà tí Gay-Lussac kéde lọ́dún 1808 pé ìwọ̀n àyè háídrójìn méjì máa ń pàdé ìwọ̀n àyè ọ́síjìn kan kí omi tó jáde, Dalton kò gbà. Lójú tirẹ̀, omi jẹ́ átọ́ọ̀mù kan sí kan. Ẹni tó fi bí a ṣe ń pín ìfúnpá hàn wá kò fẹ́ gbọ́ ohun tí ìwọ̀n gáàsì ń sọ nípa fọ́múlà. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ kí àwọn onímọ̀ tó fẹnu kò lórí H2O.

Ká padà sí Vancouver. Kí ló tilẹ̀ mú kí ẹnikẹ́ni gbé xenon sínú ìgò kan náà pẹ̀lú ohun tó ń jó ni? Ramsay àti Travers ló rí xenon lọ́dún 1898, ó sì ṣọ̀wọ́n: nínú mólékù afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù mọ́kànlá ààbọ̀, ẹyọ kan péré ni xenon. Kí wọ́n tó rí i ni Moissan, ẹni tó kọ́kọ́ dá fluorine yà sọ́tọ̀, ti gbìyànjú lọ́dún 1895 láti so fluorine pọ̀ mọ́ argon, gáàsì tó wà ní ìdílé kan náà pẹ̀lú xenon, tí Ramsay fi ránṣẹ́ sí i, kò sì bọ́ sí i. Ní ọdún 1933, Yost àti Kaye ní Caltech gbìyànjú xenon àti fluorine pẹ̀lú iná mànàmáná, nítorí pé Linus Pauling ti sọ pé ó yẹ kó ṣeé ṣe. Òfo ni wọ́n bá bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ohun tí Bartlett rí yàtọ̀. Òun àti Lohmann tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń bá ohun líle kan tó pọ́n jà, èyí tó ń jáde nígbà tí fluorine bá bá platinum pàdé nínú ẹ̀rọ gíláàsì. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ́síjìn ló wọ inú rẹ̀, àti pé PtF6 ti já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà lọ́wọ́ mólékù ọ́síjìn. Ìwà ipá gbáà nìyẹn láàárín gáàsì, torí pé ọ́síjìn ló sábà máa ń gba tọwọ́ ẹlòmíràn. Agbára tó ń náni láti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ mólékù ọ́síjìn jẹ́ 12.2 electron volt nínú ìwé ìgbà náà. Nígbà tí Bartlett ń wo àtẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí xenon: 12.13. Ẹni tó bá lè gba tọwọ́ ọ́síjìn á lè gba tọwọ́ xenon. Gbogbo èrò tó gbé e dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn kò jù báyìí lọ. Wíwo nọ́ńbà méjì tó wà lójú ìwé kan náà fún gbogbo ayé, kí ẹnì kan ṣoṣo sì gbé wọn síra wọn, ohun ìyanu ni lójú mi títí dòní.

Èrò nìyẹn o. Iṣẹ́ ọwọ́ ló kù, ibẹ̀ ló sì ti ṣòro. Ilé ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà ni Weinstock, Claassen àti Malm ti kọ́kọ́ ṣe PtF6 lọ́dún 1957, nípa mímú kí wáyà platinum jó nínú fluorine. Gáàsì pupa náà kò ní ọ̀rẹ́. Ó ń jẹ mẹ́kúrì, bẹ́ẹ̀ mẹ́kúrì ni gbogbo ayé fi ń wọn ìfúnpá nígbà náà. Ó ń jẹ gírísì tí a fi ń mú kí kọ́ọ̀kì gíláàsì dí. Bí ọ̀rinrin bá kù lára gíláàsì, ó máa bá omi yẹn jà, hydrogen fluoride á jáde, ìyẹn náà á dojú kọ gíláàsì, gáàsì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò pè á wá dá kún èyí tí géèjì ń kà. Ìdí nìyí tí a fi ń yan gíláàsì lórí iná nígbà tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, títí tí kò fi sí ìrì kankan lára rẹ̀ mọ́. Dípò kọ́ọ̀kì, ògiri gíláàsì fẹ́lẹ́ la máa fi pààlà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì lè ṣí i: a óò fọ́ ọ.

Bó ṣe jẹ́ pé gáàsì náà kò gbọ́dọ̀ fojú kan mẹ́kúrì, ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń dá dára gan-an. Wọ́n ń fi gíláàsì tàbí quartz ṣe ọpá kékeré kan tó ṣófo nínú, tó tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, tí ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé ìfúnpá lè mú un na díẹ̀. Gáàsì pupa á wà nínú ọpá yìí, afẹ́fẹ́ lásán á wà níta rẹ̀. Bí gáàsì bá ti ọpá náà, ẹnu rẹ̀ á ṣí kúrò lójú àmì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á wá máa tú afẹ́fẹ́ sí ìta rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu ọpá á fi padà sójú àmì. Nígbà yẹn, ìfúnpá ti inú àti ti ìta dọ́gba, a lè fi mẹ́kúrì ka ti ìta láìsí ewu. Kò sí ibi tí mẹ́kúrì ti pàdé PtF6, síbẹ̀ mẹ́kúrì ló sọ iye rẹ̀. Mo fẹ́ràn irú ohun èlò yìí ju ẹ̀rọ olówó gọbọi tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú kọ̀ǹpútà lọ, nítorí pé ojú ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ náà.

Bí a bá ti mọ ìfúnpá ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣirò kù. A ní láti mọ bí ìgò kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Fún ìyẹn, a lè wọn ìgò lófìfo, ká bu omi kún un, ká tún un wọ̀n. Gíráàmù omi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílílítà kan géérégé. Nígbà tí ògiri àárín bá fọ́, gáàsì méjèèjì á ní àyè tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá máa lù nínú àyè tuntun yìí ká ní wọn kò bára wọn ṣe pọ̀. Ká mú nọ́ńbà tó rọrùn láti fi kà á, kì í ṣe ti Bartlett: ká sọ pé ìpín xenon jẹ́ 100 mílímítà mẹ́kúrì, ti PtF6 jẹ́ 40. Lẹ́yìn tí àwọ̀ pupa ti pòórá pátápátá, tí gbogbo rẹ̀ sì ti tutù padà sí ooru ìbẹ̀rẹ̀, a ka géèjì. Bó bá jẹ́ 60 ló kù, xenon tó lọ jẹ́ 40, ó bá PtF6 dọ́gba, ọ̀rọ̀ di kan sí kan. Bó bá jẹ́ 20, xenon 80 ló lọ, méjì sí kan. Bó bá jẹ́ 80, xenon 20 péré ló lọ, PtF6 méjì ló gbé xenon kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ohun líle náà, a kò sì tíì wọ̀n ọ́n, àmọ́ ó ti jẹ́wọ́.

Ṣé ẹ ṣàkíyèsí ìdí tí xenon fi gbọ́dọ̀ pọ̀ ju èkejì lọ? Nítorí pé àwọ̀ pupa ló ń jẹ́rìí. Nígbà tí kò bá sí pupa mọ́, ohun tó kù xenon ni, a kò ní láti máa méfò bóyá ìpín tí a ń kà jẹ́ ti A tàbí ti B. Gáàsì kan wọ aṣọ, èkejì kò wọ̀ ọ́, onímọ̀ sì lo ìyẹn. Ohun mìíràn tún wà tí Bartlett kọ sínú ìkéde rẹ̀ tí ẹni tó ń kánjú lè fò kọjá: ìfúnpá ohun líle náà fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan nínú ooru yàrá lásán. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ó ì bá máa tú díẹ̀ sí afẹ́fẹ́, á máa dá kún ohun tí géèjì ń kà, a ó sì máa rò pé xenon ló ṣẹ́kù. Gbólóhùn kékeré yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àṣìṣe.

Àṣìṣe mìíràn ṣì ń ṣọ́ni lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ooru yàrá bá fi díẹ̀gíríì kan ṣoṣo lọ sókè láàárín kíkà àkọ́kọ́ àti èkejì, ìfúnpá á fi bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ sókè láìjẹ́ pé mólékù kankan dá kún un. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá rí ihò abẹ́rẹ́ gbà wọlé, ìjàǹbá rẹ̀ di méjì: nitrogen á mú kí àṣẹ́kù pọ̀, ọ́síjìn á sì bá xenon du PtF6, nítorí pé a ti mọ̀ pé gáàsì pupa yẹn kì í fi ọ́síjìn sílẹ̀. Ohun líle tó ń bọ̀ yìí náà lè bo ìdì PtF6 kan mọ́lẹ̀, kí xenon má ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí iṣẹ́ tí òwe yẹn bá mu tó báyìí.

Bartlett kò dúró sórí ẹ̀rí kan. Ó mú ohun líle náà, ó gbé oru omi pàdé rẹ̀. Kíákíá ló túká: platinum di platinum dioxide tó ní omi lára, fluorine bá háídrójìn lọ, xenon àti ọ́síjìn sì jáde sí afẹ́fẹ́. Ìṣirò tó kọ nìyí: 2XePtF6 + 6H2O → 2Xe + O2 + 2PtO2 + 12HF. Ẹ̀rọ mass spectrometer ló fi yẹ gáàsì tó jáde wò. Ẹ wo xenon àti ọ́síjìn nínú ìṣirò yẹn: méjì sí kan. Ká ní PtF6 méjì ló gbé xenon kan ni, ọ́síjìn tó máa jáde ì bá pọ̀ sí i, ìpín wọn ì bá di kan sí kan. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ka àwọn tó wọlé. Ọ̀nà yìí ka àwọn tó jáde. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ọkàn ẹni tó ń ka ìkéde náà ti balẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ ká mọ ibi tí géèjì mọ. Ìfúnpá ń sọ iye, kò sọ bí wọ́n ṣe jókòó. Bóyá xenon fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ tó sì di Xe⁺, gẹ́gẹ́ bí Bartlett ṣe kọ ọ́ ní àkọlé ìkéde rẹ̀, tàbí ńṣe ni fluorine kan ṣí lọ bá xenon, nọ́ńbà géèjì kan náà ni méjèèjì máa fún wa. Kí ọdún 1962 tó parí, Claassen, Selig àti Malm ní Argonne ti da xenon àti fluorine pọ̀ nínú àpótí nickel, xenon kan sí fluorine márùn-ún, wọ́n gbé e dé 400 díẹ̀gíríì, wọ́n sì rí XeF4, tí ìdì rẹ̀ mọ́ gaara. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé xenon kì í bá fluorine so pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun líle ti Bartlett, àkọ́bí gbogbo wọn, ló le jù láti tú palẹ̀.

Ọdún 2000 ni Graham, Graudejus, Jha àti Bartlett fúnra rẹ̀ tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà nínú Coordination Chemistry Reviews, ọdún 38 lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí wọ́n ṣàlàyé ni pé PtF6 tó bá pọ̀ nítòsí kì í jẹ́ kí kan sí kan dúró. Ó máa ń dá kún èyí tó ti wà, fluorine á bọ́ sára xenon, á di XeF⁺, iye PtF6 sí xenon kọ̀ọ̀kan á sì wà láàárín ẹyọ kan àti méjì. Kan sí kan ń jáde nígbà tí xenon bá pọ̀ gidigidi, tí PtF6 kò sì ṣùpọ̀ sójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ báyìí á fi sulphur hexafluoride, gáàsì tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, la gáàsì pupa náà, kí mólékù PtF6 kọ̀ọ̀kan lè bá xenon pàdé kó tó pàdé PtF6 ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.